Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Rọrùn: Ta Ni Wọ́n Ṣe É Fún?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ẹni tí a bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ti ń bọ̀ kó tó lè júwe ibi tí à ń lọ. Lọ́dún yìí, a fẹ́ yẹ ìwé kan wò tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ọmọ Yorùbá ní ìlú Kàdúná yìí, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ilé kan, orí tẹlifíṣàn ló wà. Ní ilé mìíràn, inú fóònù ló wà nísinsìnyí. Òun ni àwọn ọmọ wa ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. A fẹ́ wò ó bóyá ó mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Kí a tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn tó ti ń sọ òyìnbó láti kékeré ni wọ́n ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tí Samuel Johnson gbé tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1755, ó fi àwọn ọ̀rọ̀ tó le ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ túmọ̀ "network", ohun tí kò ju nǹkan bí àwọ̀n lọ. Títí dòní ni wọ́n fi ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ gidi mú ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni Michael West, òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Bengal nígbà tí Íńdíà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣa ọ̀rọ̀ 1,490 jáde, àwọn tó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ á ti mọ̀. Nínú ìwé tí òun àti J. G. Endicott gbé jáde ní ọdún 1935, àwọn yẹn nìkan ni wọ́n fi túmọ̀ nǹkan bí 24,000 ọ̀rọ̀ àti àkànlò. A. S. Hornby, tó jẹ́ olùkọ́ ní Japan, ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì. Tokyo ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1942, kí Oxford tó gbé e jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 1948. Ọmọ-ọmọ ìwé yẹn ni èyí tí àwa tí a lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì láyé ọjọ́un ń pè ní "Advanced Learner's". Ní ọdún 1978, Longman gbé òfin West dìde padà, ó sọ ọ́ di nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọdún 1987, John Sinclair àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní yunifásítì Birmingham gbé COBUILD jáde. Wọ́n ń fi odindi gbólóhùn ṣe ìtumọ̀ bí olùkọ́ tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: bí o bá ṣe báyìí sí nǹkan, ohun tí o ṣe nìyẹn.

Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ má jẹ́ ká fojú kéré rẹ̀. Ọmọ mẹ́káníìkì ní Panteka, tí bàbá rẹ̀ ò lówó lẹ́sìnnì, bó bá ti mọ ọ̀rọ̀ 2,000, ó lè fi wọ́n dá ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣí láìsí tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣi owó ná ni pé wọ́n rò pé ohun tó kúrú náà ló rọrùn. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń kiri ní gáréèjì, tó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ á wo "huge", wọ́n á ní "enormous". Á ṣí "enormous", wọ́n á ní "immense". Á ṣí "immense", á tún bá ara rẹ̀ níwájú "huge". Bí ẹni tó wọ roundabout tí kò rí ọ̀nà jáde ni. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò dára fún ọmọdé, a ò ní fi bò. Àgbà tó ti gbọ́ òyìnbó, tó kàn fẹ́ rántí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ló wúlò fún.

Àwọn ìwé ńlá náà ní àléébù, ṣùgbọ́n tiwọn kì í tètè hàn. Nínú 2,000 ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣà, iwájú ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí "get", "take", "put" àti "give" wà. Wọ́n kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ rírọrùn torí pé wọ́n kúrú, wọ́n sì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ẹ bi ọmọ JSS 1 wò. Ó mọ "put", ó mọ "up", ó mọ "with". Ẹ wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ ní kó sọ ohun tí "put up with" jẹ́. Ojú ọmọ á pọ́n. Bí ìwé bá fi gbólóhùn yẹn túmọ̀ "tolerate" fún un, ó ti mú un kúrò nínú ihò kan sọ sínú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "take off": bàálù ń ṣe é, ẹni tó ń bọ́ fìlà náà ń ṣe é. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó sì sọ pé ó rọrùn, kò kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń so mọ́ra wọn.

Nígbà mìíràn, òfin yẹn máa ń so àwọn tó ń kọ ìwé náà lọ́wọ́. Ohun tí wọn kò bá rí ọ̀rọ̀ kéékèèké tó tó o sọ, wọ́n á ní irú ẹyẹ kan ni, tàbí irú igi kan. Ẹni tó ti rí ẹyẹ náà rí á dá a mọ̀. Ẹni tí kò rí i rí á ṣáà mọ̀ pé ẹyẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra fún "yam". Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ohun tí àwa ń pè ní ànàmọ́, ìwé atúmọ̀-èdè tiwọn náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gún iyán lọ́hùn-ún má kàn gbára lé orúkọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ibi tí òyìnbó àti Yorùbá kò ti pín ayé bákan náà. Ẹ wo "yá". Ẹni tó mú owó jáde yá ọ lówó. Ìwọ tó o gbà á, o yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, "lọ́wọ́" ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Òyìnbó ní tirẹ̀ ní méjì, "lend" àti "borrow". Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa, àti ọ̀pọ̀ àgbà pẹ̀lú, fi ń sọ pé "borrow me your biro". "Kọ́" náà bẹ́ẹ̀: tíṣà ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ìwé, nígbà tí òyìnbó ya "teach" sọ́tọ̀ kúrò lára "learn". A gbọ́ ariwo, a gbọ́ òórùn ọbẹ̀; òyìnbó ní "hear" kì í ṣe "smell". Níbí yìí, a gbọ́dọ̀ yin Hornby àti àwọn COBUILD. Wọn kò fi ìtumọ̀ nìkan sílẹ̀. Wọ́n fi àpẹẹrẹ hàn bí "borrow" ṣe ń bá "from" rìn tí "lend" ń bá "to" rìn. Ọmọ tó bá ka àpẹẹrẹ wọ̀nyí kò ní ṣì í. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ kì í kà á. Ìlà ìtumọ̀ nìkan ni wọ́n ń dà kọ sínú nóòtù, torí ohun tí tíṣà ní kí wọ́n dà kọ nìyẹn, tíṣà náà á sì fi máàkì sí i.

Ti ọ̀rọ̀ ẹbí ló le jù. Bí ọmọ bá wá "brother" nínú èyíkéyìí nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ohun tó máa bá ni ọkùnrin tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tìrẹ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó dàgbà jù, bẹ́ẹ̀ ohun tí Yorùbá kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀ nìyẹn kí wọ́n tó mọ bí wọn yóò ṣe kí ara wọn. "Ẹ̀gbọ́n" sọ ọjọ́ orí, kò sọ ọkùnrin tàbí obìnrin. "Brother" sọ ọkùnrin, kò sọ ọjọ́ orí. Ẹni tó bá fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì ti sọ ìdajì nù.

Ní Òkè Ọya níbí, ẹ̀yin náà mọ bí ilé wa ṣe rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá á wá láti Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, á wá kọ́ṣẹ́ tàbí wá ilé-ẹ̀kọ́, yàrá kan náà ni òun àti àwọn ọmọ ilé yóò máa sùn, "Bọ̀ọ̀dá" ni wọn yóò sì máa pè é. Ó wá di ọjọ́ kan, èyí tó kéré jù dé láti ilé-ẹ̀kọ́: "Mọ́mì, tíṣà ní Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe brother wa o. Cousin ni wọ́n." A ti gbọ́ irú èyí ní ilé tó ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ náà kò purọ́, ìtumọ̀ tó rọrùn ló kọ́, ó sì há a sórí dáadáa. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà. Ìyá tó mọ ohun tó ń ṣe á ní: "Nínú ìwé, cousin ni wọ́n. Nínú ilé yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n. Lọ bu omi fún wọn." Èsì yẹn kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè kankan, kò sì lè sí níbẹ̀.

"Sorry" ńkọ́? Ẹni kan kọsẹ̀ lójú títì, a ní "sorry". Àlejò òyìnbó á máa wò wá bóyá àwa la tì í. Ẹ̀bẹ̀ àti ìbànújẹ́ ni ìtumọ̀ ìwé fi síwájú. Pẹ̀lẹ́ tí a fi ń bá ara wa kẹ́dùn nítorí òkúta tí a kò gbé síbẹ̀ kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba náà ní tiwa. "Query" nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kò ju ìbéèrè lọ. Ẹ sọ ìyẹn fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé query lé lórí tábìlì, tí wọ́n ní kó fèsì láàárín wákàtí 48. Nínú iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà, ẹ̀sùn ni query. Ó ń wọ inú fáìlì, ó sì lè dá ìgbéga èèyàn dúró. Ọ̀dọ́ tó bá fi ìtumọ̀ inú ìwé fèsì sí i á dáhùn bí ẹni tí wọ́n bi léèrè pé aago mélòó ló lù.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford, èyí tí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, kéde pé àwọn ti fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ òyìnbó Nàìjíríà kún un. "Okada", "danfo", "buka" àti "next tomorrow" wà níbẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí a rí "tokunbo", orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tó ti di orúkọ mọ́tò àlòkù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wọn tí kò pa wá lẹ́rìn-ín: "non-indigene".

Kò ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ rírọrùn túmọ̀ rẹ̀: ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ ibi tó ń gbé. Ó tán. Ọmọ JSS 1 lè há a. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe fún èèyàn kò sí nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sọ pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lè yàtọ̀ nítorí rẹ̀, tàbí pé ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fúnni ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ìpínlẹ̀. Kò sọ pé ọmọ tí wọ́n bí ní Kàdúná, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà síbẹ̀, tí Haúsá rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ, orúkọ kan náà ni òun àti ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá ń jẹ́.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò túmọ̀ "indigene". Òfin ọdún 1999, ní abala 147, lò ó níbi tó ti ní kí Ààrẹ yan mínísítà kan ó kéré tán láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Kò sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ohun tó túmọ̀, ní abala 318, ni kí èèyàn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí tó bí wọn, jẹ́ ara àwùjọ tó jẹ́ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ẹ tún un kà. "Indigene" ń tọ́ka sí "indigenous", "indigenous" kò sì tọ́ka síbì kankan. Roundabout tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, àwa la sì wà nínú ọkọ̀. Yorùbá ní "àlejò" fún ẹni tó wá lánàá, "àtìpó" fún ẹni tó wá gbé fún ìgbà díẹ̀, "ará ìlú" fún ẹni tó ń bá wọn gbé ìlú. Ẹni tó ti lo ọgọ́ta ọdún níbì kan, tó ti sin òbí síbẹ̀, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni?

A kò ní kí àwọn tó ń ṣe ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ kó gbogbo wàhálà Nàìjíríà sínú gbólóhùn kan. Kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ wa yóò pàdé ọ̀rọ̀ yìí lórí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan. Ó sàn kó jẹ́ pé ilé ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹni tó mọ bó ṣe wúwo tó, ní èdè tí a lè fi sọ ọ́ dáadáa.

Èdè yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń gbà kúrò lẹ́nu ọmọ. Wọ́n ní àwọn kò sọ Yorùbá sí i mọ́ kí òyìnbó lè tètè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti já irọ́ yẹn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òyìnbó sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú òyìnbó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè ìbílẹ̀ ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní òyìnbó ni kó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ará ilé lè máa jiyàn lórí ìyẹn. Fún àwa tó wà lókè níbí, èdè ìbílẹ̀ tí wọn ì bá fi kọ́ ọmọ wa, Haúsá ni. Nínú ìlànà méjèèjì, ilé nìkan ni ilé-ẹ̀kọ́ Yorùbá tí ọmọ wa ní.

Ohun tí a sì ń gbà lọ́wọ́ ọmọ náà ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá gbé ìtumọ̀ ara wọn sínú. Ọmọ tó ń tiraka láti há "perseverance", ẹ sọ "ìforítì" fún un, kí ẹ jẹ́ kó tú u wò: ó fi orí tì í. Kò tún ní gbàgbé. "Pride" tó bá jẹ́ ti àṣejù, "ìgbéraga" ni: ó gbé ara rẹ̀ ga. "Conscience" ni "ẹ̀rí-ọkàn", ọkàn ló ń jẹ́rìí. "Tolerate" tó fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, ó fi ara dà á. West wá ọ̀rọ̀ rírọrùn 1,490 jáde kó tó lè ṣe irú èyí fún àwọn ọmọ Bengal. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè rẹ̀ ti ní i lẹ́nu.

Èwo ni kí a wá rà? Fún ọmọ JSS, irú èyí tó ń fi odindi gbólóhùn ṣe ìtumọ̀ ni a fara mọ́. Bó bá dé SS, kó bọ́ sórí ti Hornby, kó sì máa ka àpẹẹrẹ. Ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tí CMS tẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1913, tí àwọn ilé kan ṣì ní ẹ̀dà rẹ̀, wúlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀ ló ń ṣe, "query" ti ọ́fíìsì kò sì lè sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra nóòtù kan tí ọmọ yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sí: ohun tí ìwé sọ lápá òsì, ohun tí bàbá tàbí ìyá sọ ní Yorùbá lápá ọ̀tún, ní odindi gbólóhùn. Bí ìyá kò bá mọ òyìnbó rárá, kó béèrè lọ́wọ́ ọmọ ohun tí tíṣà sọ, kó wá sọ tirẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó lọ́jà, ẹ ṣí "borrow" àti "lend" wò. Bí kò bá sí àpẹẹrẹ lábẹ́ wọn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé bóyá wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìtumọ̀ síbẹ̀. Ẹ sì ṣí ojú ìwé láti S dé T lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì máa ń fo ojú ìwé.